Mọ́ọ̀dù Òjé Àfọwọ́ṣe

Àwọn apẹja kan wà ní Amẹ́ríkà tí kì í ra jig lọ́jà, ìyẹn ìwọ̀ tí wọ́n da òjé mọ́ lọ́rùn kó lè tètè rì. Ilé ni wọ́n ti ń dà á, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi ń ṣe mọ́ọ̀dù rẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n ń da òjé yíyọ́ sí. Iṣẹ́ yìí wù mí púpọ̀.

Wọn á po POP (plaster of Paris), wọn á ri jig kan bọ̀ ọ́ dé ìdajì. Bó bá ti gan, wọn á gbẹ́ ihò róbótó sí igun rẹ̀, wọn á fi fasilíìnì pa á lójú, kí wọ́n tó da apá kejì lé e. Fasilíìnì ni kò ní jẹ́ kí méjèèjì lẹ̀ pọ̀. Ihò yẹn ni kò ní jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ lórí ara wọn.

Sùúrù tí wọ́n fi ń mú kí mọ́ọ̀dù náà gbẹ ló wú mi lórí jù. POP tó gbẹ lójú ṣì lè ní omi nínú, bẹ́ẹ̀ òjé kì í yọ́ àfi tí ooru bá tó 327°C. Bó bá kan omi, ṣe ló máa bú sókè sí ojú ẹni tó ń dà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yan mọ́ọ̀dù náà pẹ́ lórí ooru díẹ̀. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń yọ́ òjé, torí májèlé ni.

Àkọ́dà sábà máa ń jáde láìpé, torí mọ́ọ̀dù ṣì tutù. Wọn á dá a padà sínú ìkòkò. Bí mọ́ọ̀dù bá ti móoru tán, orí jig á jáde ní dídán, pẹ̀lú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n á fi fáìlì ha kúrò.