Colossal: Ẹsẹ̀ Tí Ó Tẹ Seoul Mọ́lẹ̀

Láti ọdún 1954 tí Ishirō Honda, ará Japan, ti gbé Godzilla jáde, ẹ̀rù gbogbo ìlú ni ẹranko òmìrán inú sinimá sábà máa ń dúró fún: ẹ̀rù bọ́ǹbù, ẹ̀rù ogun, ẹ̀rù ohun tí ọgbọ́n ènìyàn dá sílẹ̀ tí apá rẹ̀ kò sì ká mọ́. Nacho Vigalondo, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, gba ọ̀nà mìíràn nínú Colossal, fíìmù tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní Toronto ní ọdún 2016. Ìṣòro obìnrin kan ṣoṣo ni ẹranko tirẹ̀ gbé rù, ọ̀mùtí sì ni obìnrin náà.

Gloria, tí Anne Hathaway ṣe, ti pàdánù iṣẹ́ ìwé kíkọ rẹ̀ ní New York. Ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé kó ẹrù rẹ̀ fún un, ó sì padà sí ìlú kékeré tí ó ti dàgbà, sínú ilé òbí rẹ̀ tí ó ṣófo. Níbẹ̀ ni Oscar (Jason Sudeikis), ọ̀rẹ́ ìgbà èwe rẹ̀, ti gbà á síṣẹ́ nínú ilé ọtí tí ó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ wo ni ó tún léwu ju èyí lọ fún ẹni tí kò lè kọ ọtí? Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé ẹranko abàmì kan yọ ní Seoul, olú ìlú Kòríà Gúúsù. Gloria wo àwòrán rẹ̀, ó rí i tí ó ń họ orí gẹ́gẹ́ bí òun náà ti máa ń họ ọ́. Bí ó bá ti wọ pápá ìṣeré ọmọdé ìlú rẹ̀ ní aago 8:05 òwúrọ̀, ẹranko náà á yọ. Ohun tí ó bá ṣe níhìn-ín, òmìrán á ṣe é lọ́hùn-ún.

A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó jó kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè gbà á gbọ́, ẹranko náà jó. Lẹ́yìn náà ni ọtí gbé e ṣubú, àwọn ènìyàn sì kú ní Seoul. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wa. Ó lọ wá bí a ti ń tọrọ àforíjì ní èdè Kòríà, ó sì kọ ọ́ sórí ilẹ̀ pápá náà kí àwọn ará Seoul lè kà á. Èmi kò tí ì rí sinimá tí ó sọ òótọ́ nípa ọtí tó báyìí: ẹlòmíràn ni í sọ ohun tí ọ̀mùtí ṣe fún un nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Ṣùgbọ́n Oscar ni ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní tòótọ́. Tẹlifíṣọ̀n ni ó kọ́kọ́ gbé wá fún Gloria. Àga àti ohun èlò ilé tẹ̀ lé e. Ẹ̀bùn wọ̀nyí ń di okùn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí òun náà rí i pé rọ́bọ́ọ̀tì ńlá ni òun ń dà ní Seoul, ó ní bí Gloria bá fi ìlú sílẹ̀, òun yóò lọ tẹ àwọn ènìyàn pa. Àrà ọ̀tọ̀ ni Sudeikis dá níhìn-ín. Ẹ̀rín músẹ́ ọ̀rẹ́ tí ó fi wọlé kò yí padà púpọ̀, síbẹ̀ ó di ohun ẹ̀rù. Kì í ṣe ìfẹ́ ni ó ń ṣe é. Ìlara ni, láti ìgbà tí wọ́n wà ní ọmọ ilé ìwé. Mànàmáná àti ohun ìṣeré tí fíìmù náà fi ṣàlàyé bí agbára yìí ti dé kò tẹ́ mi lọ́rùn; ì bá sàn kí wọ́n má ṣàlàyé rárá.

Ẹ̀sùn mi tí ó wúwo jù ni ti àwọn ará Seoul. Wọ́n ń sá, wọ́n ń kígbe, wọ́n ń kú, a kò sì mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn dáadáa. Àwa ọmọ Kétu, tí àwọn ará Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà la ilẹ̀ wa kọjá ní ọdún 1889, kò lè wo irú èyí kí a má bi ara wa léèrè ohun tí wọ́n rí láti ìsàlẹ̀.

Bóyá Vigalondo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí Seoul ni ó mú Gloria lọ níkẹyìn. Ó rìn lọ bá rọ́bọ́ọ̀tì náà, ẹranko tirẹ̀ sì yọ níwájú Oscar nílé. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun náà, ó wọ ilé ọtí kan, obìnrin tí ó wà níbẹ̀ bi í bóyá yóò mu nǹkan. Gloria mí kanlẹ̀. Kò dáhùn kí fíìmù tó parí.