Gbogbo Èdè Nínú Yàrá Kan

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó nínú kíláàsì mi á rántí ìsọ̀rí ọ̀rọ̀, àti bí mo ṣe máa ń yọ yín lẹ́nu: ta ló pín in, kí ló sì ń wá nígbà tó ń pín in? Ìbéèrè kan náà ni mo fẹ́ bi DMOZ lónìí, ọ̀kan nínú àwọn àkójọ ìkànnì tó tóbi jù lọ tí a fi ọwọ́ ènìyàn tò.

Ní 1998 ni Rich Skrenta, Bob Truel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. GnuHoo ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ó di NewHoo, Netscape sì rà á lọ́dún náà. Yahoo, tí Jerry Yang àti David Filo bẹ̀rẹ̀ ní Stanford ní 1994, ti ń san owó fún àwọn tó ń to ìkànnì sí ìsọ̀rí, ṣùgbọ́n ìkànnì ń ya wọlé bí eéṣú, apá wọn ò ká a. DMOZ ní kí ẹni tó bá mọ nǹkan kan dunjú wá tọrọ ìsọ̀rí kan, kó máa tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọgbọ́n gidi nìyẹn, mi ò ní fi dù wọ́n. Nígbà tí AOL, tó ra Netscape, máa tì í pa ní March 2017, àwọn olóòtú tó ti kópa níbẹ̀ lé ní 90,000, ìkànnì inú rẹ̀ lé ní 3.8 million, ìsọ̀rí sì lé ní million kan.

Níbo ni wọ́n ti rí púláànù ilé náà? Wọ́n yá a ni, lọ́wọ́ Usenet, níbi tí àwọn èèyàn ti ń jíròrò lórí kọ̀ǹpútà kí web tó dé. (Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun nígbà náà á rántí soc.culture.nigeria.) Ẹ fi comp, sci, rec, soc àti news ti Usenet wé Computers, Science, Recreation, Society àti News ti DMOZ, ẹ ó rí i pé ọmọ jọ ìyá.

Èyí tó ká mi lára jù ni ìsọ̀rí tí wọ́n pè ní World. Ẹ ó rò pé gbogbo ayé ló wà níbẹ̀, àbí? Rárá o. Gbogbo èdè tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kó síbẹ̀. Bí ìkànnì ìlera bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, inú Health ló wà gbangba. Bó bá jẹ́ ti Faransé, ẹ máa kọ́kọ́ wọ World, ẹ ó wá orúkọ èdè, kí ẹ tó kan ìlera. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kò ní yàrá, torí òun ni ilé. Ẹ wo ohùn àárín nínú àkọtọ́ wa: a kì í sàmì sí i, síbẹ̀ ohùn ni. DMOZ gbàgbé pé èdè tí òun ò sàmì sí, èdè náà ni.

Kì í ṣe àwọn ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Nínú ètò tí Melvil Dewey gbé jáde ní 1876, èdè Yúróòpù bíi mélòó kan pín 420 sí 480 láàárín ara wọn, èdè ayé yòókù sì fún mọ́ra ní 490. Gẹ̀ẹ́sì ní 420. Yorùbá ní 496.333. Láíbìrì ṣì ní àwáwí, torí ẹ̀dà ìwé kan ò lè wà lórí pẹpẹ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Íntánẹ́ẹ̀tì ò ní pẹpẹ, Clay Shirky ti sọ ìyẹn ní 2005. Yahoo gan-an, nígbà tí àkójọ rẹ̀ ṣì wà, máa ń fi àmì @ sí ìsọ̀rí tó bá wà níbòmíràn.

Nígbà tí DMOZ kú, àwọn olóòtú kan kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Curlie. Iṣẹ́ kékeré kọ́: àdírẹ́sì ojú ìwé kọ̀ọ̀kan so mọ́ orúkọ ìsọ̀rí rẹ̀, àṣẹ olóòtú so mọ́ ọn, ẹ ò lè ṣí òkè kí ìsàlẹ̀ má mì. Síbẹ̀, ẹ lọ wo àdírẹ́sì wọn lónìí: Faransé ní fr, Jámánì ní de, Gẹ̀ẹ́sì náà sì ní en. Wọ́n ti sàmì sí i! Inú mi dùn nígbà tí mo rí lẹ́tà méjì yẹn ju bó ṣe yẹ kí inú àgbàlagbà dùn lọ.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kò tíì kan inú yàrá. Àwọn kan nínú yín ti ń ṣàkójọ ìkànnì Yorùbá, mo sì rí i pé Arts, Business, Society yẹn náà lẹ ń túmọ̀. Ibo lẹ máa fi Ifá sí? Púláànù tí ẹ yá á ní kí ẹ gbé e sábẹ́ ẹ̀sìn, kí ẹ máa lọ. Èmi á fi í sí lítíréṣọ̀, màá sì fi àmì @ sí i lábẹ́ ẹ̀sìn àti ìṣègùn. Mo mọ ẹni tó máa bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kó kọ̀wé sí mi, kó sì mú àpẹẹrẹ wá.