Àṣìṣe Tí Olùkọ́ Sáré Pa Rẹ́

Ẹ̀kọ́ Java tí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Òmù-Àrán lọ́jọ́ Sátidé bí mi nínú, n kò sì ní bò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ rí i. Overloading, ìyẹn fífún mẹ́tọ́ọ̀dù tó ju ẹyọ kan lọ ní orúkọ kan náà, ni wọ́n ń kọ́: kíláàsì kan fún àwọn ère òkúta Èsìẹ́, tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan, pẹ̀lú mẹ́tọ́ọ̀dù waEre tó lè fi nọ́ńbà wá ère, tó sì tún lè fi orúkọ wá a. Àpẹẹrẹ tó bá ilé wa mu ni. Mo gbà fún olùkọ́ níbẹ̀ yẹn.

Àfi ìgbà tó kọ waEre kẹta. Òun náà ń gba nọ́ńbà bíi ti àkọ́kọ́, àmọ́ gíga ère ló ń dá padà. Kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀, ó ní mẹ́tọ́ọ̀dù yẹn ti wà nínú kíláàsì náà. Olùkọ́ pa á rẹ́, ó fún un lórúkọ mìíràn, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sọ ìdí!

Ìdí yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́. Ohun tí ẹ gbé wá ni alọta ọjà fi ń mọ ẹ̀rọ tí yóò dà á sí, ata ni àbí ẹ̀wà. Ọbẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ sè kò kàn án. Iye, irú àti ètò ohun tó wà nínú àkámọ́ ni Java náà ń wò. Bí ẹnì kan bá kọ waEre(7) lásán, tí kò gba èsì rẹ̀ sínú ohunkóhun, èwo nínú méjèèjì tó ń gba nọ́ńbà ni kó ṣe?

Ẹ wo àwọn mẹ́tọ́ọ̀dù tó wà nínú Java fúnra rẹ̀. Mẹ́rin ni Math.abs: ti int, long, float àti double. Èsì wọn yàtọ̀ lóòótọ́, ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ sì ti ń ṣì í mú, tó ń rò pé èsì ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí ó wá wo println: mẹ́wàá ni, kò sí ọ̀kan tó ń dá nǹkan kan padà, síbẹ̀ Java mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Kí n tó dé ìdí gbohùngbohùn, mo ti kọ́ ọmọ ní kọ̀ǹpútà, mo sì ń fi í yangàn pé wọn kì í kúrò lọ́dọ̀ mi láìmọ bí a ṣe ń ka àṣìṣe. Ẹni tó ń kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ ka àṣìṣe sókè, kó bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tó fà á, kó tó fọwọ́ kan ìlà náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ dá waEre méjèèjì tó ń gba nọ́ńbà padà, kí ẹ rí i bó ṣe máa kọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohun kan kún inú àkámọ́ ọ̀kan nínú wọn. Yóò gbà.