Ibi Tí Oníkámẹ́rà Dúró Sí

Ẹ wo irú fọ́tò tí ìwé ìròyìn sábà máa ń lò bí ọ̀rọ̀ bá kan súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Coconut, lọ́nà èbúté Tin Can ní Àpápá. Òkè ni oníkámẹ́rà dúró sí. Tírélà tò lọ bí ìjàlọ títí ojú ò fi rí òpin wọn mọ́. Ẹ ò ní rí èèyàn kankan níbẹ̀.

Ìlà gígùn yẹn ń sọ fún wa pé ìdíwọ́ ni wọ́n. Òkè tí a ti ń wò wọ́n ń sọ pé ọ̀rọ̀ wọn ò kàn wá. Awakọ̀ tó sùn sábẹ́ ọkọ̀, ìyá tó ń bu ìrẹsì fún un, gbogbo wọn ti bọ́ kúrò nínú àwòrán.

Ṣé torí pé ojú èèyàn ò sí níbẹ̀ ni? Rárá o. Ní 1968 ni J.D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin wa, ẹ̀yìn orí ló sì yà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Síbẹ̀, ẹ wo Onílé Gogoro tó yà ní 1975. Ó sún mọ́ orí náà, kò jẹ́ kí nǹkan kan dí i lọ́wọ́ lẹ́yìn, iṣẹ́ ọwọ́ onídìrí wá dúró bí adé. A ò rí ojú, ṣùgbọ́n a rí iyì.

Kí oníkámẹ́rà kan sọ̀kalẹ̀ ní Coconut jàre, kó dúró níbi tí ojú òun àti ti awakọ̀ ti lè ṣe mẹ́rin. Tírélà yẹn náà ni a ó rí, ṣùgbọ́n a ó mọ̀ pé ẹnì kan ló ń dúró níbẹ̀.