Ọwọ́ Tó Ń Lẹ Túùbù

Àwa tí à ń gun kẹ̀kẹ́ fún ìgbádùn n'Íbàdàn, eré tí a sá lórí òkè Mọ́kọ́lá la máa ń fọ́nnu lé. Ẹni tó ń lẹ túùbù ló yẹ ká kọ́kọ́ kí.

Ẹ wò ó lẹ́nu iṣẹ́. Á fẹ́ atẹ́gùn sí túùbù, á tẹ̀ ẹ́ rì sínú bàsíà omi. Ibi tí omi bá ti ń hó, ibẹ̀ ló ń jò. Á nù ún gbẹ, á fi sáńdípépà ha á, á fi gọ́ọ̀mù pa á. Ibí ni aláìmọṣẹ́ ti ń ṣe wàdùwàdù. Ọ̀gá gidi á dúró kí gọ́ọ̀mù gbẹ díẹ̀ kó tó lẹ̀ ẹ́. Á tún fi ìka wá inú táyà yíká, bóyá ìṣó ṣì há síbẹ̀.

Láti 1888 tí John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹran ní Belfast, ti gba ìwé àṣẹ lórí táyà alátẹ́gùn ni ara ti tu ìdí wa, tí ìṣó sì di ọ̀tá wa.

Àwọn kan á ní kí n ra túùbù tuntun. Owó wọn ni! Èyí tí wọ́n lẹ̀ dáadáa tó mi, mo sì máa ń fi nǹkan lé owó iṣẹ́, torí ohun tí wọ́n ń gbà kéré jù.