Ìyìn fún Ọwọ́ Tí Ó Tún Apá Ṣe

Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́-abẹ ilé ìwòsàn Huashan ní Shanghai, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Xu Wendong ṣaájú wọn, kò fi òwe náà mọ sí orí ahọ́n, nítorí pé wọ́n gé okùn iṣan keje tí ó ti ọrùn sọ̀ kalẹ̀ sí apá tí ó yè, wọ́n fà á gba iwájú eegun ọrùn kọjá, wọ́n sì rán an mọ́ ti apá tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti sọ di igi gbígbẹ, kí ìlàjì ọpọlọ tí ó yè lè máa pàṣẹ fún apá méjèèjì. Ìgboyà yìí ga lójú mi: ta ni yóò fi abẹ kan apá tí nǹkan kan kò ṣe? Apá náà rọ díẹ̀ fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà agbára rẹ̀ padà. Nínú aláìsàn 36 tí ìròyìn wọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ní 2018, àwọn 18 tí a ṣiṣẹ́ abẹ fún fi máàkì 17.7 nínú 66 kún ti àtijọ́ nínú ìdánwò bí apá ṣe ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn oṣù 12. Àwọn 18 yòókù, tí a fi ìdárayá nìkan tọ́jú, fi 2.6 kún tiwọn.