Ìtàn Lámúrúdu: Ẹ̀rí Ni Tàbí Àgbọ́sọ?

 

Ẹ̀yin ará wa, ìtàn kan wà tí a máa ń gbọ́ níbi wàásù. Wọ́n ní ọmọ Mọ́kà ni Yorùbá, pé Lámúrúdu, bàbá Odùduwà, jọba níbẹ̀, nítorí náà Islam ni ẹ̀sìn àwọn baba ńlá wa. Àwa náà fi ìtàn yìí kọ́ ọmọ ní ilé-kéwú wa ní Kìṣí fún ọdún pípẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kéwú kan kúnlẹ̀, ó ní: “Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ìwé Lárúbáwá wo ni wọ́n kọ orúkọ Lámúrúdu ọba Mọ́kà sí?” A wá a títí, a kò rí i. Ìtìjú ọjọ́ náà ló mú wa tún ìtàn ọ̀hún yẹ̀ wò.

Ìwé tó tan ìtàn náà kálẹ̀ jù ni The History of the Yorubas, tí Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, kọ parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ló kọ: Odùduwà sọ ìbọ̀rìṣà di ẹ̀sìn ìlú, Bùráímà, ọmọ ẹni tó ń gbẹ́ ère, fi àáké fọ́ àwọn ère náà, ó sì fi àáké kọ́ ọrùn èyí tó tóbi jù. Wọ́n ní kí wọ́n dáná sun ún. Ogun bẹ́ sílẹ̀, wọ́n pa Lámúrúdu, Odùduwà sì sá títí dé Ilé-Ifẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí lépa wọn, wọn kò borí, àwọn ará Odùduwà sì gba Àlùkùránì kan lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tó bá ti ka Súrátù Ànbìyáù yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kan náà pé ìtàn Ànábì Ibrahima ni wọ́n yí padà. Àáké ọrùn ère kò sí nínú Àlùkùránì, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ Námúrúdù kò sí níbẹ̀. Inú ìwé àwọn onítáfúsírì ni a ti ń rí wọn. Ó dà bí ẹni pé ẹni tó ti jókòó ti ààfáà ló kọ́kọ́ hun ìtàn yìí. Ẹ tún wo àkókò. Láti nǹkan bí ọdún 610 ni Àlùkùránì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, Ànábì Ibrahima sì ti kú tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà. Báwo ni àwọn ará ayé rẹ̀ ṣe di Àlùkùránì mú? Ẹ̀wù alábùlẹ̀ ni ìtàn yìí.

Bí a bá sì gbà á bẹ́ẹ̀ pàápàá, Odùduwà inú rẹ̀ sá fún Mùsùlùmí ni. Báwo ni a ṣe fi í ṣe ẹ̀rí pé Islam ni ẹ̀sìn rẹ̀?

Ṣáájú Johnson, ní 1812, Muhammad Bello, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, ti kọ ọ́ sínú Infāq al-Maysūr pé ìran Kénáánì àti Námúrúdù ni Yorùbá, pé Yárúbù ọmọ Kàhìtánì ló lé wọn jáde. Ẹni ńlá ni Bello jẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n bí Yárúbù àti Yorùbá tilẹ̀ jọ létí, jíjọ létí kì í ṣe ẹ̀rí.

Ká má parọ́ mọ́ Johnson. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé òpìtàn Lárúbáwá kankan kò dárúkọ irú ọba bẹ́ẹ̀ ní Mọ́kà. Àmọ́ kí ló fi rọ́pò rẹ̀? Ó ní láti ìhà Íjíbítì tàbí Núbíà ni a ti wá, àti pé Kìrìsìtẹ́nì ni wá tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rí èyí náà kò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Olúkúlùkù fa baba ńlá wa wọ ẹ̀sìn tirẹ̀.

Òfò rẹ̀ ni pé ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ń gba iyì lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1910, Leo Frobenius ará Jámánì rí àwọn ère Ifẹ̀, ó ní iṣẹ́ àwọn Gíríìkì Atlantis ni, kì í ṣe ti adúláwọ̀. Ní 1938, àwọn tó ń walẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ kan àwọn orí bàbà mìíràn. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ ti ẹnu rẹ̀.

Èdè náà ń jẹ́rìí. Ọwọ́ ni à ń pe ọwọ́, omi ni à ń pe omi, àwọn Ígálà náà ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Lárúbáwá ní yad àti māʼ. Àdúrà, wàásù àti àlàáfíà tí a yá, ìmọ̀ àti òwò ló gbé wọn dé. Àwa ará Kìṣí kò sì jìnnà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ògiri rẹ̀ tó wó ṣì wà nínú igbó ìjọba, ẹni tó bá fẹ́ lè fojú rí i.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká máa bi ìtàn léèrè: Ta ló sọ ọ́? Níbo ló ti gbọ́ ọ? Ta ni yóò jèrè rẹ̀? Ṣé ọdún rẹ̀ bára mu? Súrátù Hujuráátì pàṣẹ pé ká wádìí ìròyìn tí òbìlẹ̀jẹ́ bá mú wá. Èyí tó dùn mọ́ wa nínú ló yẹ ká wádìí jù, nítorí òun ni a kì í fẹ́ wádìí.

A ti sọ fún àwọn ọmọ kéwú wa pé a ṣìnà lórí ìtàn yẹn. Ẹ̀sìn Ọlọ́hun kò fi irọ́ ṣe òpó. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.